Ògiri Akọ, Ògiri Abo: Bí Mo Ṣe Fi Sípáníìṣì Jẹun ní Jóbọ̀ọ̀gì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n ní kí àwa tí a ti fẹ̀yìn tì sọ iṣẹ́ tí a fi ayé wa ṣe fún yín, kí ẹ lè mọ èyí tí ẹ máa mú. Dókítà ti kọ tirẹ̀. Akáùǹtáǹtì náà ti kọ tirẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, oorun sì gbé mi lọ. Ó wá kan èmi Ìyá Tóyìn, tí ìwé mi kò kọjá pámárì fọ́ọ̀, tí mo ta ṣẹ́ẹ̀tì àti wíìgì ní Jeppestown, ní Jóbọ̀ọ̀gì ní Sáúsì Áfíríkà níbí, tí mo sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Sípáníìṣì, ìyẹn èdè àwọn ará Sípéènì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó dáa, ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi náà kì í lè pa á mọ́ra tí mo bá rántí.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á. Ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí lè má mọ̀ ọ́n. Nílé wa, ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba fíríìdọ̀ọ̀mù. Ọ̀gá rẹ á pe èèyàn jọ, á gbàdúrà fún ẹ, á ní, "Mo yọ̀ǹda ẹ, máa lọ ṣe tìẹ." Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ò báà ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá, ọmọṣẹ́ tó sá ni wọ́n máa pè ẹ́. Ó sì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tí wọn ò tíì yọ̀ǹda kò lè yọ̀ǹda ẹlòmíì. Èmi tí ẹ ń pè ní Tíṣà yìí, ní gbogbo ọdún tí mo fi ń kọ́ yín, mi ò tíì gba tèmi.

Bí mo ṣe dé Jóbọ̀ọ̀gì kò gùn. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ wá, mo tẹ̀lé e, mo wá iṣẹ́, mo rí i. Owó tí wọ́n ń fún mi? Ẹ jẹ́ ká fo ìyẹn, ó kéré débi pé kò tó ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀.

Ẹni tó gbà mí ni Màmá Malábò. Ọmọ Ìlá ni, àmọ́ bàbá rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ oko kòkó ní erékùṣù kan tí ìlú Malábò wà lórí rẹ̀, ibẹ̀ ló sì dàgbà sí. Sípáníìṣì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ní Áfíríkà wa níbí, dúdú bíi tiwa. Nígbà tí Màmá dé Jóbọ̀ọ̀gì, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Jeppestown, àwọn oníṣòwò Malábò sì ń wọ bàálù wá ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí òun nìkan ló ń gbọ́ wọn ní gbogbo àdúgbò náà. Obìnrin kékeré ni, ó máa ń fi téèpù ìwọnṣọ kọ́ ọrùn bí ẹ̀gbà, kì í sì í wọn nǹkan kan. Ìka èèyàn ló ń fi í nà.

Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì kan sókè.

"Kí lèyí?"

"Ṣẹ́ẹ̀tì ni, mà."

"Mo mọ̀ pé ṣẹ́ẹ̀tì ni, ojú mi ò fọ́. Akọ ni àbí abo?"

Mo wo ṣẹ́ẹ̀tì náà níwájú, mo yí i padà, mo wẹ̀yìn rẹ̀. "Ti ọkùnrin ni, mà."

"Abo ni. La camisa. Lọ gbé e kọ́ sára ògiri òsì." Ó fa gáùn ìgbéyàwó funfun kan jáde. "Èyí ńkọ́?"

"Ti obìnrin ni, mà. Ìyẹn dá mi lójú."

"Akọ ni. El vestido. Ògiri ọ̀tún." Ó wá mú kọ́mú kan, ó fì í níwájú mi.

"Sọ̀rọ̀."

"Màmá, tí èyí náà bá jẹ́ akọ, mò ń lọ sílé."

"Akọ ni," Màmá dáhùn. "Ṣé o mọ̀nà ilé ẹ?"

Báyìí ni iṣẹ́ mi ṣe bẹ̀rẹ̀. Nínú Sípáníìṣì, kò sí nǹkan kan láyé tí kì í ṣe akọ tàbí abo. Ti akọ, el ló ń ṣíwájú rẹ̀. Ti abo, la. Bàtà, akọ. Wíìgì, abo. Táì tí ẹ̀yin ọkùnrin ń dè mọ́rùn láti fi ṣe ọkùnrin, abo ni. Màmá kò fún mi ní ìwé, kò sì jẹ́ kí n ra ọ̀kan. Ògiri méjì ló fi ń kọ́ni: ti ọ̀tún jẹ́ ti akọ, ti òsì jẹ́ ti abo. Tí mo bá fi nǹkan kan kọ́ síbi tí kò yẹ, á tú gbogbo ògiri náà sílẹ̀, á ní, "Tún un kọ́." Mo ti sunkún lórí bẹ́líìtì rí. Mo ti bá fìlà jà. Àmọ́ nígbà tó yá, ọwọ́ mi ti ń gbé nǹkan lọ síbi tó yẹ kí orí mi tó mọ̀.

Àwọn ará àdúgbò rò pé orí wa ti dàrú. Ọkùnrin kan láti họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn òṣìṣẹ́ wọlé lọ́jọ́ kan, ó wá táì títí, ó wá bá a láàárín síkẹ́ẹ̀tì.

"Eish, Mama, kí ni táì ń ṣe níbí?"

"Ó ń wá ìyàwó," ni Màmá dá a lóhùn.

Ohun kan tí mo tètè rí ni pé Yorùbá ló ràn mí lọ́wọ́ jù. Ẹni tó bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì ronú á sọ pé "pupa bàtà". Àwọn ará Malábò á sọ pé bàtà pupa, gẹ́gẹ́ bíi tiwa. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tí mo jẹ́ àti ibi tí mo wà. Sípáníìṣì pín in sí méjì bíi tiwa, soy fún ohun tí mo jẹ́, estoy fún ibi tí mo wà. Wọ́n tún mọ "ìwọ" yàtọ̀ sí "ẹ̀yin". Èmi tí mo ti ń bẹ̀rù pé mi ò kàwé, èdè náà ti jókòó sínú ilé mi tipẹ́, mi ò kàn tíì kí i ni. Ibi tí wọ́n ti dà mí láàmú ni ìrù tí wọ́n ń so mọ́ ọ̀rọ̀. Mo sọ̀rọ̀, hablo. O sọ̀rọ̀, hablas. Ó sọ̀rọ̀, habla. Ẹni kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìrù tirẹ̀. Màmá máa ń kọrin rẹ̀ bí ó bá ń gbálẹ̀, tí mo bá sì mú ìrù ẹni kan so mọ́ ẹlòmíì, téèpù á sọ̀rọ̀.

Ọdún ń lọ. Ọjọ́ fíríìdọ̀ọ̀mù mi wá pé. Ìdánwò tí Màmá fún mi rọrùn létí: láti ìgbà tí a bá ṣí ṣọ́ọ̀bù títí di ọ̀sán, èmi nìkan ni màá dúró sí kántà, Sípáníìṣì nìkan ni màá sì fi tajà. Gẹ̀ẹ́sì kan tàbí Yorùbá kan bọ́ lẹ́nu mi, ó parí. Òun á wà ní ẹ̀yìnkùlé, á máa se ìrẹsì àwọn àlejò tó ń bọ̀ wá gbàdúrà.

Àwọn oníbàárà méjì àkọ́kọ́ lọ wẹ́rẹ́. Mo ta bàtà, mo ta wíìgì, mo tiẹ̀ pa ẹ̀fẹ̀. Ìgbà náà ni Sẹ̀nyọ́rà Pilar, ìyẹn Màdáámù Pilar lẹ́nu tiwa, wọlé.

Ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ wa nìyẹn, òun sì ni oníbàárà tó tóbi jù. Ó ti ránṣẹ́ ṣáájú pé ká kó aṣọ ilé-ìwé jọ fún gbogbo ọmọ ilé-ìwé kan ní Malábò. A ti kó o, a ti dì í. Èmi fúnra mi ni mo kó ẹrù náà sí yàrá ẹ̀yìn kí eruku má bà á. A sì ti gbọ́ pé ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Aṣọ dúdú ló wọ̀ látorí délẹ̀ wọlé.

Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi. Obìnrin tó jù ẹ́ lọ, opó, nínú aṣọ ọ̀fọ̀, ó dúró níwájú ẹ. Kí lọmọ Yorùbá máa ṣe? Mo jáde lẹ́yìn kántà, mo fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀, mo ní, "Lo siento, señora. Lo siento mucho." Ìyẹn ni pé ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an.

Ṣé ẹ rí i, àwa máa ń sọ "ẹ pẹ̀lẹ́" fún ẹni tí nǹkan ṣe, ì báà jẹ́ pé a ò sí níbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá wólẹ̀ tó ní "lo siento" ti ṣẹ ẹnì kan ni. Ó ń tọrọ àforíjì. Sẹ̀nyọ́rà wò mí nílẹ̀. Ó wo igun ṣọ́ọ̀bù, kò rí ẹrù kankan. Ó tún wò mí. Ojú rẹ̀ yí padà.

"¡Mi mercancía!" ló fi bọnu. Ọjà mi!

Èmi rò pé ẹkún ọkọ rẹ̀ ló dé. Nílé wa, ẹni tó bá ń sunkún, a kì í jẹ́ kó dá sun ún. Mo bá mú igbe bọnu pẹ̀lú rẹ̀. Mo tún tẹrí ba sí i. "¡Lo siento!" Bí mo ṣe ń ké ni òun náà ń ké, tí ó ń bi mí bóyá iná ló jó ọjà náà àbí olè ló kó o, èmi sì ń dá a lóhùn pé ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́. Òòyì kọ́ ọ, ó fẹ̀yìn ti ògiri ọ̀tún, irin tí a fi ń kọ́ aṣọ sì já. Gbogbo ohun tó jẹ́ akọ ní ṣọ́ọ̀bù wa ló dà lé obìnrin náà lórí: ṣòkòtò, gáùn ìyàwó, fìlà, kọ́mú. Nígbà tí Màmá máa fi sáré wọlé pẹ̀lú ṣíbí ìrẹsì lọ́wọ́, Sẹ̀nyọ́rà ti dá títì kọjá níbi tí robot, iná tó ń darí ọkọ̀, ti pọ́n, ó ti kó sínú taxi, kọ́mú kan ṣì há sí i léjìká.

Ó tó ọjọ́ bíi mélòó kan kí Màmá tó rí i bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọ́n yanjú ọ̀rọ̀, wọ́n tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, àmọ́ Sẹ̀nyọ́rà ti ra aṣọ mìíràn lọ, ó ti padà sílé. Aṣọ ilé-ìwé Malábò wá jókòó tì wá. Ta ló máa rà á ní Jeppestown, pẹ̀lú àmì ilé-ìwé wọn tí a ti rán sí i láyà?

Lọ́jọ́ ìdánwò náà gan-an, àwọn àlejò ṣáà wá. Wọ́n jẹ ìrẹsì. Màmá dìde, gbogbo wa tẹrí ba pé àdúrà dé. Ó gbàdúrà sí ìrẹsì, ó jókòó.

Ọkọ mi ní, "Màmá, fíríìdọ̀ọ̀mù ìyàwó mi ńkọ́?"

"Ẹnu rẹ̀ ni mo kọ́," Màmá ní. "Mi ò rántí kọ́ orúnkún rẹ̀. Lọ́jọ́ tí orúnkún rẹ̀ bá gbọ́ Sípáníìṣì, màá yọ̀ǹda rẹ̀."

Kó tó di ọjọ́ yẹn, àgbà ti mú Màmá. Kò pẹ́ sígbà náà tó padà sí Ìlá, ó fi ṣọ́ọ̀bù àti aṣọ ilé-ìwé náà sílẹ̀ fún mi. Kò fi fíríìdọ̀ọ̀mù sílẹ̀.

Iṣẹ́ tíṣà kò sí lọ́kàn mi rárá. Nọ́ọ̀sì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì yìí ló ń lọ bá ọkọ rẹ̀ ní Sípéènì, ó ní kí n kọ́ òun. Mo ní kó wá sí ṣọ́ọ̀bù wá máa kó aṣọ kọ́. Ó lọ, ó pe padà pé wọ́n ń gbọ́ òun. Bí wọ́n ṣe ń wá nìyẹn: oníṣòwò, ìyàwó ilé, ọmọ Sáúsì, ìyẹn ọmọ ilẹ̀ yìí, tó fẹ́ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ṣọ́ọ̀bù kéré jù, pásítọ̀ fún wa ní gbọ̀ngàn ní Berea lọ́sàn-án Sátidé, mo sì ń ti irin aṣọ méjì tó lẹ́sẹ̀ lọ síbẹ̀, ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì.

Ẹ̀kọ́ kìíní ní kíláàsì mi kì í ṣe el, kì í ṣe la. Ìdúró ni. Màá ní kí gbogbo ọmọ Yorùbá dìde, kí wọ́n na ọwọ́, kí wọ́n wo ojú ẹni, kí wọ́n ní buenos días, ìyẹn ẹ káàárọ̀, láìtẹ orúnkún. Ẹ ò mọ̀ pé ó nira. Ìyá ìjọ kan sọ pé ó ń ṣe òun bíi pé ìhòòhò ni òun wà.

Ẹnjiníà Akin, tó ń ti Sandton wá, ló fi ìbéèrè yọ mí lẹ́nu jù.

"Tíṣà, kí ni òfin rẹ̀? Báwo lèèyàn ṣe ń mọ akọ yàtọ̀ sí abo?"

"Ẹ kó aṣọ kọ́, ẹ máa mọ̀."

"Àmọ́ òfin ńkọ́?"

"Ẹnjiníà, mi ò mọ òfin. Téèpù ni mo mọ̀."

Ó lọ jókòó, ó wo ògiri méjèèjì, ó padà dé pẹ̀lú páálí ńlá kan: èyí tó bá parí sí o, akọ ni, èyí tó bá parí sí a, abo ni, ó sì to àwọn olóríkunkun sísàlẹ̀. Ọwọ́ parí sí o, síbẹ̀ abo ni, la mano. Wàhálà parí sí a, síbẹ̀ akọ ni, el problema. Àwọn obìnrin kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn. Páálí náà dára ju téèpù lọ, mo gbà, mo sì gbé e kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kíláàsì mi yára sí i.

Tí a bá wá dé orí ọ̀rọ̀ ebi, a ti ń rẹ́rìn-ín. Gẹ̀ẹ́sì ní òun "jẹ́" elébi. Sípáníìṣì ní òun "ní" ebi, tengo hambre, bí ẹni ní ilé. Àwa nìkan ni ebi ń pa.

Irinṣẹ́ ti yí padà lójú mi. Kásẹ́ẹ̀tì dé, ó lọ. Sídì dé, ó lọ. Lẹ́yìn náà ni Tóyìn ọmọ mi gbé fóònù rẹ̀ wá. "Mọ́mì, there's an app." Mo sọ Yorùbá sínú rẹ̀, ó fi Sípáníìṣì dá mi lóhùn, ohùn rẹ̀ dùn ju tèmi lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dín kù. Mi ò bá fóònù jà. Ó mọ ọ̀rọ̀ jù mí lọ, kì í sì í rẹ̀ ẹ́. Ohun tí kò ní ni orúnkún, ẹni tó bá sì ń lọ gbé pẹ̀lú èèyàn á ṣì wá mi wá.

Ẹni tó wá, tí kò lọ mọ́, ni Nomsa. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni, àdúgbò ṣọ́ọ̀bù wa ló dàgbà sí. Ó gbọ́ Sípáníìṣì dáadáa, ó gbọ́ Yorùbá tó tó fi bú èèyàn. Nígbà tí orúnkún mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, òun ni mo fẹ́ kó gba kíláàsì. Mo ní kó máa mú un lọ.

"Haibo, Mama," ó ní, "bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo ti rí bí ẹ̀yin Yorùbá ṣe ń ṣe fún àwọn aránṣọ àti onídìrí. Fíríìdọ̀ọ̀mù ni mo fẹ́. Àdúrà, ìrẹsì, gbogbo ẹ̀."

Ìyá Bísí, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ tèmi, gbọ́. Ọjọ́ tó gbọ́ ni inú rẹ̀ dùn jù láti ọdún mélòó kan. "Ọmọ dáadáa," ó ní, "ta ló máa fún ẹ? Ọmọṣẹ́ tó sá ni tíṣà ẹ."

Mo rẹ́rìn-ín bí mo ṣe máa ń rẹ́rìn-ín. Àmọ́ Nomsa kò rẹ́rìn-ín. Ó wojú mi. "Mama, ṣé òótọ́ ni?" Fún ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Fún ara mi, mo ti lè gbé láìsí i. Fún ọmọ yẹn, kò ṣeé gbé.

Mo pe Ìlá. Ọmọ-ọmọ Màmá ló gbé e. Ó ní Màmá ṣì wà, etí nìkan ló ń ṣàárẹ̀. Mo ṣàlàyé. Ó lọ bi í, ó padà: "Màmá ní kí ẹ pe èèyàn jọ ní Sátidé, kí ẹ sì kọ́ ògiri yín."

Ní Sátidé náà, gbọ̀ngàn kún. Nọ́ọ̀sì pe láti Sípéènì, Ẹnjiníà wọ táì, Ìyá Bísí jókòó níwájú kó lè ríran dáadáa. Tóyìn gbé fóònù sórí àga, ojú Màmá sì yọ, ó ti rọ, ó kéré bí ọmọdé. Mo lanu láti kí i. Mo rí i pé dúdú ló wọ̀ látorí délẹ̀.

"Buenos días," ló ní. "Soy viuda." Opó ni mí.

Ẹ̀rù bà mí. Ìdánwò ìjọ́sí ló tún gbé dé, orúnkún mi sì ti ń lọ sílẹ̀. Mo fojú mi rí i tó ń tẹ̀, láìbéèrè lọ́wọ́ mi. Nomsa fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo di ẹ̀yìn àga kan mú, mo na ara mi tọ́. Mo fi ọwọ́ lé àyà, mo wo ojú rẹ̀.

"Señora, la acompaño en su sentimiento." Mo bá yín kẹ́dùn. Kó tó mí èémí mo ti fi kún un pé: "Su mercancía está aquí. Toda." Ọjà yín wà níbí. Gbogbo rẹ̀.

Ó fẹ́ rí gáùn, mo yí sí ọ̀tún, mo fi hàn án. Ó ní ó ti gbó. Mo ní ojú rẹ̀ ló ń ṣe é. Ó ní òun fẹ́ táì ọmọ òun. Mo yí sí òsì láìwò. Ó nájà pẹ̀lú mi bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí, èmi náà sì nájà pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bọ́ gèlè dúdú náà kúrò lórí. Ó lanu, ó bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá pé, "Mo..." Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lọ. Màmá dúró gbagidi lójú fóònù, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Ìyá Bísí ní, "Ó kọ̀."

"Ẹ dákẹ́ mà," ni Ẹnjiníà sọ, ó ń gbé fóònù lọ sí ojú fèrèsé.

"...àbí ẹ̀yin ò gbọ́ ni?" Màmá ti padà, ó ń pariwo. "Mo ní mo yọ̀ǹda ẹ! Máa lọ ṣe tìẹ! Ṣé kí n wá sí Jóbọ̀ọ̀gì wá sọ ọ́ ni?"

Ìgbà náà ni mo wá kúnlẹ̀. Orúnkún méjèèjì, lórí símẹ́ńtì, ní Yorùbá. Màmá gbàdúrà fún mi, ó pẹ́, gbogbo wọn ń ṣàmín, àti Ìyá Bísí, tí tirẹ̀ ròkè jù. Nígbà tó parí, mo fẹ́ dìde. Mi ò lè dìde.

"Tíṣà, ẹ dìde," ni Ẹnjiníà wí.

"Mò ń bọ̀."

"Ṣé orúnkún ni?"

"Orúnkún ni. Ó ti lọ sílé."

Wọ́n ń bọ̀ wá gbé mi, mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀ ná. Níwọ̀n ìgbà tí mo ti wà nílẹ̀, mo ní kí wọ́n pe ọmọ yẹn wá. Nomsa wá, òun tó ga bí òpó iná, ó sì kúnlẹ̀ níwájú mi bí ẹni tí wọ́n bí sí Ìlá, orí rẹ̀ kan èjìká mi. Mo gbé ọwọ́ lé e. Mo yọ̀ǹda rẹ̀, pẹ̀lú fíríìdọ̀ọ̀mù tí kò tíì tutù lọ́wọ́ mi. "Shap, Mama," ló rọra sọ, ìyẹn ó dáa bẹ́ẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àwa méjèèjì wà nílẹ̀, láàárín ògiri akọ àti ògiri abo, kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde nínú wa.

Lórí àga, ohùn Màmá tún dún láti Ìlá.

"Ẹ̀yin méjèèjì wà nílẹ̀! Ta ló wá ń tajà?"